Ọmọ mi fẹ́ sin èèrà: irú wo ni ká fi bẹ̀rẹ̀?

ÌyáTèmi (Leeds)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èèrà ni ọmọ mi obìnrin sọ pé òun fẹ́ sìn. Kò fẹ́ ajá, kò fẹ́ ológbò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó sì ti kà nípa wọn débi pé òun ló ń dá mi lẹ́kọ̀ọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́. Mi ò fẹ́ kó rò pé mo fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ̀ rí àpótí kan tí wọ́n rọ nǹkan bíi jẹ́lì aláwọ̀ búlúù kún inú rẹ̀. Wọ́n ní èèrà á máa gbẹ́ ihò nínú jẹ́lì náà, á sì máa jẹ ẹ́. Ọmọ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ Messor barbarus, èèrà ilẹ̀ Sípéènì tó máa ń kó kóró jọ, nítorí pé àwọn kan nínú wọn lórí ràgàjì. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ní ká ra Camponotus, irú èèrà ńlá kan. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń gbé, a ò ní ọgbà, mi ò sì fẹ́ bá èèrà nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi. Èwo ni kí ẹni tí kò sin èèrà rí mú? Ṣé òótọ́ sì ni pé àwọn kan wà tó gbọ́dọ̀ wọ inú fíríìjì?

Akínwálé (Kent)

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Ẹ bá mi sọ fún Tèmi pé ó káre.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àpótí jẹ́lì kúrò ńlẹ̀. Òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n máa ń kó sínú irú rẹ̀, kì í ní ayaba. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí látìgbà tí Milton Levine ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta àpótí èèrà fáwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1956. Níbi tí kò bá sí ayaba, kò sí ẹni tí yóò yé ẹyin, èyí tó bá kú ti kú nìyẹn. Láàárín oṣù díẹ̀, òkú ni ọmọ á máa wò. Ọmọ tó ti kàwé tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fìyẹn tàn.

Èyí tí mo bá fún un ni Lasius niger. Ẹ ti rí i láìmọ̀ orúkọ rẹ̀: èèrà dúdú kékeré tó ń jáde láàárín òkúta ẹ̀bá ọ̀nà ní gbogbo ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó mú kó dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni pé ayaba rẹ̀ kò fẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí akọ bá ti gùn ún, ó máa ń já ìyẹ́ ara rẹ̀ dànù, á wọ ihò, á sì ti ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Iṣan tó fi fò, tí kò wúlò fún un mọ́, àti ọ̀rá inú rẹ̀ ni yóò yọ́ di oúnjẹ fún àwọn ọmọ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá ló máa ń gbà kí òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tó yọjú, ó wà lọ́wọ́ bí iyàrá ṣe móoru sí. Ní gbogbo àkókò yẹn, omi nìkan ló nílò, àti òkùnkùn, àti kí wọ́n fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè ṣe é kó yọrí.

Ẹ fi kún un pé kì í ta èèyàn, pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́ta sí márùn-ún lọ, àti pé kò nílò iná tó ń mú ilé gbóná. Bí ọ̀kan bá sá jáde lójú fèrèsé, ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ ló lọ.

Ọ̀kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ayaba Lasius niger kan wà tí ẹnì kan sìn ní Jámánì tó lé ní ọdún 28 kó tó kú. Èyí tí Tèmi bá mú lónìí lè bá a lọ sí yunifásítì.

Ṣọlá (Madrid)

Akínwálé, mo gbọ́ ẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí o rọ Messor dànù bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni ayaba rẹ̀ ti ń fò jáde lọ pàdé akọ, lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá. Ayaba rẹ̀ tóbi, ojú lásán lèèyàn fi ń rí gbogbo ohun tó ń ṣe, òun náà kì í sì í jẹun títí òṣìṣẹ́ á fi jáde.

Ìyá Tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń wò. Ẹ da kóró kéékèèké sílẹ̀ fún wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń bọ́ ẹyẹ. Àwọn kéékèèké á wọ́ ọ lọ sílé. Àwọn olórí ńlá á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó tì í, ọ̀pọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á máa jẹ ẹ́ lẹ́nu tòun titọ́ títí á fi di ìṣù funfun rírọ̀ kan. Ìṣù yẹn ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ìdin, ìyẹn àwọn ọmọ èèrà tó ti jáde nínú ẹyin. Èèpo kì í gbé inú ilé, wọ́n máa ń kó o lọ sí igun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ṣe ààtàn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá rí ìyẹn kò ní gbàgbé. Ẹ ò sì ní máa ra kòkòrò bí ìrẹ̀ fún wọn jẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Akínwálé (Kent)

Àǹtí Ṣọlá, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ pátá ló rí bẹ́ẹ̀, ní Madrid. Ní Leeds, Messor máa fẹ́ ìgbóná tí ilé kò ní, ó máa fẹ́ kí apá kan ilé rẹ̀ gbẹ kí kóró má bàa hù tàbí kó bu, kí apá kejì sì tutù fún àwọn ọmọ. Dídi ìwọ̀n yẹn mú ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í mọ̀. Ẹnu tó ń fọ́ kóró yẹn sì ń gé P.O.P. bí ẹní jẹ búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ P.O.P. ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ilé èèrà olówó pọ́ọ́kú. Kóró nìkan náà kò tó wọn, àwọn ìdin ṣì ń fẹ́ kòkòrò díẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà dáadáa.

Ó tún kan òfin. Òfin ẹranko igbó tí wọ́n ṣe ní 1981 níbí kò gbà kéèyàn tú ẹ̀dá tí kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí sílẹ̀ sínú ìgbẹ́. Bí Messor bá sú ọmọ, tàbí tí wọ́n pọ̀ jù fún yín, ẹ ò lè gbé wọn lọ sí pápá. Lasius niger tẹ́ ẹ bá mú ní àdúgbò yín, ẹ lè dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un.

Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn mi kì í fi í yí padà, ì báà jẹ́ Leeds, Madrid tàbí Adó-Èkìtì: èèrà tó ń fò níbi tẹ́ ẹ ń gbé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sìn. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ ti bá a mu kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ní Madrid, Messor gan-an ni mo máa mú.

Ti Camponotus, èèrà tó rẹwà ni, ayaba rẹ̀ kò sì le láti tọ́jú, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ọdún kan lè parí kí òṣìṣẹ́ má ju ìwọ̀nba mẹ́wàá sí ogún lọ. Àgbà lè fara dà á. Ọmọdé máa rò pé nǹkan kan ti bàjẹ́.

Dáúdù (Ìbàdàn)

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ará òkè òkun nìkan lẹ̀ ń dá lóhùn. Àwa ńkọ́? Ìjàlọ máa ń kọjá lẹ́yìn ilé wa bí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, ìlà gígùn bí okùn, mo sì ti dúró wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣé èèyàn lè sin ìyẹn?

Tíṣà Rónkẹ́ (Ìlọrin)

Dáúdù, má dán an wò. Ìjàlọ kì í ní ilé tó ń gbé títí. Ó ń ṣí kiri ni, gbogbo ohun abẹ̀mí tó bá bá lọ́nà ló ń jẹ, ẹ ò sì lè bọ́ iye wọn yó. Ayaba rẹ̀ kì í ní ìyẹ́ rárá, kì í fò lọ dá ìlú tirẹ̀ sílẹ̀. Agbo ńlá ló máa ń pín sí méjì. Nítorí náà kò sí bí o ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayaba kan nínú ìgò.

Fi ìkamùdù náà sílẹ̀. Ó ń rùn, oró rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ikán ló sì ń dọdẹ. Àwọn èèrà pupa tó ń fi ewé kọ́lé lórí igi máńgòrò àti igi kòkó, orí igi ni wọ́n dára sí. Ìdin wọn ló ń yọ òwú tí wọ́n fi ń rán ewé mọ́ra, ohun ìyanu gidi ni, ṣùgbọ́n igi tútù ni wọ́n fẹ́, wọ́n sì ń gé èèyàn jẹ láìdákẹ́.

Èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ni Camponotus maculatus. O mọ̀ ọ́n: èèrà ńlá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, awọ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, tó ní àmì lára ikùn, tó máa ń jáde lálẹ́ wá wá ṣúgà. Bí òjò bá dá, dúró nídìí gílóòbù ìta. Èsúnsún ni ọ̀pọ̀ ohun tó máa ṣù bo iná, ṣùgbọ́n wò wọ́n dáadáa. Èsúnsún ní ìyẹ́ mẹ́rin tó gùn bákan náà, ara rẹ̀ sì ṣe dọ́gba láti orí dé ìdí. Ayaba èèrà ní ìbàdí tín-ín-rín, ìyẹ́ iwájú rẹ̀ gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, ìwo orí rẹ̀ kán bí ìgúnpá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ gọnbu níbi tí iṣan ìyẹ́ wà. Èyí tó ti já ìyẹ́ rẹ̀, tó ń rìn kánkán lẹ́bàá ògiri bíi pé ó ń wá ibi tó máa sá sí, ni kí o mú.

Ọ̀rọ̀ pé ó lọ́ra tí Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé sọ, ní Ìbàdàn kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí òtútù tó máa dá wọn dúró láti ìparí ọdún dé ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìṣòro tiwa ni èèrà kéékèèké inú ilé. Bí wọ́n bá gbóòórùn oyin tàbí òkú kòkòrò, wọ́n á wọlé, wọ́n á pa ayaba rẹ, wọ́n á kó ẹyin lọ. Ṣe é bí ìyá wa ṣe ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ: ti ẹsẹ̀ tábìlì bọ inú agolo omi, kí o sì da òróró díẹ̀ sí i. Má gbé e sójú oòrùn. Gíláàsì tí oòrùn bá ràn sí, kì í pẹ́ tó fi ń se ohun tó wà nínú rẹ̀.

Dáúdù (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ìdí gílóòbù ló kù báyìí.

ÌyáTèmi (Leeds)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sétí ọmọ. Ó dákẹ́ díẹ̀ nítorí Messor, lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ayaba dúdú yẹn lè pé ogójì ọdún, torí náà mo rò pé ó ti gbà. Bọ̀ọ̀dá Akínwálé, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí fíríìjì. Bàbá rẹ̀ ti ní òun ò gbà kí èèrà bá ẹran òun gbé.

Akínwálé (Kent)

Ẹ má bínú, mà. Òótọ́ ni.

Èèrà ilẹ̀ òtútù máa ń sinmi. Láti oṣù Kọkànlá títí dé ìparí oṣù Kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, Lasius niger máa ń wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ, wọn á dì mọ́ra yí ayaba ká, wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ rìn, wọn ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Inú ilé tó móoru ní gbogbo ọdún kì í jẹ́ kí ìsinmi yẹn ṣẹlẹ̀. Àwọn tí kò bá sinmi máa ń rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹyin á dínkù, òṣìṣẹ́ á máa kú. Èyí ni mo ka sí pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun náà sì ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń fò, torí pé ó dà bí ìwà ìkà lójú wọn. Ẹni tó dàgbà ní ilẹ̀ wa kò tiẹ̀ ní rò ó láé pé òtútù lè jẹ́ ìtọ́jú.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Nínú oṣù Kẹwàá, ẹ fún wọn ní omi ṣúgà dáadáa, ẹ sì máa gbé wọn lọ sí ibi tó ń tutù sí i díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi túùbù wọn, ìgò tín-ín-rín tí wọ́n ń gbé, sínú àpótí oníke tó ní ihò díẹ̀, tó ní ìdérí, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì níbi tí ẹ̀fọ́ ń gbé. Ìwọ̀n 5 sí 8 ni kí ó wà lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí omi ti ń dì. Ẹ máa yẹ omi inú túùbù wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nítorí pé fíríìjì ń gbẹ nǹkan. Wọ́n á dà bí òkú. Bí ẹ bá gbá túùbù pẹ́ẹ́, ẹ ó rí i tí ìwo orí kan mì. Ìyẹn náà ti tó, ẹ dá a padà. Tó bá di oṣù Kẹta, ẹ gbé wọn jáde, kí wọ́n kọ́kọ́ wà níbi tó tutù díẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó wọ inú iyàrá.

Ẹ sọ fún bàbá wa pé àpótí náà kò ju ike bọ́tà lọ, kò sì ní òórùn kankan. Bí wọn ò bá gbà síbẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ amúlémóoru kò dé, tí kì í sì í dì, lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fíríìjì ló dúró sójú kan jù.

Fẹ́mi (Houston)

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tó wà lápá ibí sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ ò lè fi ayaba èèrà ránṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn láìní ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá ń tà á fún yín láti òkèèrè tí kò mẹ́nu kan PPQ 526, ìyẹn orúkọ ìwé àṣẹ náà, ẹ yàgò fún un. Ìdí wà níbẹ̀. Èèrà iná, Solenopsis invicta, tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, èbúté Mobile ní Alabama ló gbà wọlé láàárín àwọn ọdún 1930. Lónìí, kò sí pápá kan ní Texas tí ọmọdé lè jókòó sí láìkọ́kọ́ wo ilẹ̀. Bí ayaba rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má sìn ín. Camponotus pennsylvanicus tàbí Tetramorium tó wà ládùúgbò yín ni kẹ́ ẹ wò.

Ẹ tún rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní 2025. Wọ́n mú àwọn kan, títí kan ọ̀dọ́ méjì láti Bẹ́ljíọ̀mù, pẹ̀lú ayaba èèrà tó tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún, Messor cephalotes lèyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú túùbù tòun tòwú, tí wọ́n fẹ́ kó jáde nílùú. Mílíọ̀nù kan ṣílè Kẹ́ńyà ni ilé ẹjọ́ bu lé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní oṣù Karùn-ún. Ẹni tó ń ra èèrà Áfíríkà lọ́wọ́ oníṣòwò ní Yúróòpù, kó béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Ayaba kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kó lọ jẹ́ ìlú èèrà kan tí kò ní sí lórí ilẹ̀ ọ̀hún mọ́.

Tíṣà Rónkẹ́ (Ìlọrin)

O ṣeun, Fẹ́mi. Èyí dùn mí gan-an nígbà tí mo kà á. Àwọn èèrà tó ń kó kóró bẹ́ẹ̀ ló ń gbin koríko fún àwọn ẹran tó ń jẹko lórí pápá yẹn.

ÌyáTèmi (Leeds)

Àwọn ayaba èèrà fò lónìí!!! Òjò rọ̀ lánàá, ọ̀sán òní móoru, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. Nígbà tí mo máa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, àwọn ẹyẹ etí òkun ti kún ojú ọ̀run tí wọ́n ń yí po, Tèmi sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá títì pẹ̀lú ife oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Márùn-ún ló mú. Mẹ́ta dúdú, wọn ò ní ìyẹ́ mọ́. Ọ̀kan dúdú, ìyẹ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ìkarùn-ún pọ́n díẹ̀, abẹ́ ikùn rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò. Inú ife kan náà ni gbogbo wọn wà báyìí. Kí ni ká ṣe?

Akínwálé (Kent)

Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lálẹ́ òní, túùbù kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ayaba Lasius niger lè jọ gbé ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí òṣìṣẹ́ bá ti jáde, wọ́n á bá ara wọn jà títí á fi ku ọ̀kan, èyí tó bá sì kù lè ti fara gbọgbẹ́.

Ẹ bu omi dé bí ìdámẹ́ta túùbù, ẹ ti òwú wọ inú títí á fi kan omi, kó rin ṣùgbọ́n kó má jò. Ẹ jẹ́ kí ayaba wọlé fúnra rẹ̀, ẹ fi òwú gbígbẹ dí ẹnu, kó má le jù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Kò sí oyin, kò sí ṣúgà, kò sí nǹkan kan. Àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ fún un ní nǹkan nítorí àánú. Oyin yẹn á bu, ìbu ló sì máa pa á.

Ẹ má já ìyẹ́ èyí tó ṣì ní ìyẹ́ yẹn. Bóyá akọ ò tíì gùn ún, bóyá kò tíì wù ú láti já a ni. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Àwọn kan tiẹ̀ ń yé ẹyin tí wọ́n ṣì ní ìyẹ́. Aláwọ̀ yẹ́lò lábẹ́ yẹn, ó jọ Lasius flavus lójú mi. Òun náà kò nílò oúnjẹ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ló fẹ́ràn, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde kéèyàn wò ó. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́.

Ohun tí Tèmi máa kọ́kọ́ rí ni ẹyin, ìṣù funfun kékeré kan bí iyọ̀ tó dì, tí ayaba á dúró lé lórí tàbí tí á máa gbé e kiri lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ìdin, lẹ́yìn ìyẹn àpò pupa rúsúrúsú tí ìdin ti ń di èèrà. Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ máa ń kéré ju ti àdúgbò lọ, torí pé ọ̀rá ara ìyá wọn nìkan ló tọ́ wọn dàgbà. Ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ àkọ́kọ́: omi ṣúgà tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, àti ẹsẹ̀ kantíkantí kan tí ẹ ti fi omi gbígbóná pa. Ẹ jẹ́ kó wo ikùn èyí tó bá mu. Ó máa wú títí àwọn ìlà ara rẹ̀ á fi fà yà síra, ìmọ́lẹ̀ á sì gba inú rẹ̀ kọjá, lẹ́yìn náà ló máa lọ pọ̀ ọ́ sẹ́nu àwọn yòókù.

Ṣọlá (Madrid)

Ẹ kú oríire o! Tèmi ti borí gbogbo wa. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé ni: ẹni bá fara balẹ̀ pa èèrà á rí ìfun rẹ̀. Tirẹ̀ tiẹ̀ sàn jù, kò ní pa á.

ÌyáTèmi (Leeds)

Gbogbo wọn ti wà nínú túùbù. Àǹtí, ẹ ṣeun. Ìbéèrè méjì tó kù: ibo ni ká gbé wọn sí, ìgbà wo la sì lè máa wò wọ́n? Ó ti ń béèrè bóyá òun lè gbé wọn sábẹ́ ìrọ̀rí.

Akínwálé (Kent)

Rárá o, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ fi wọ́n sínú dúrọ́ọ̀ tẹ́ ẹ kì í sábà ṣí, tó jìnnà sí ẹ̀rọ ìfọṣọ àti sí ẹ̀rọ orin, nítorí pé ìgbọ̀nrìrì máa ń dẹ́rù bà wọ́n débi pé ayaba lè jẹ ẹyin ara rẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, Sátidé fún àpẹẹrẹ, kó fi iná tí kò mọ́lẹ̀ jù wò wọ́n fún ìṣẹ́jú kan, kó ya àwòrán, kó kọ ohun tó rí sínú ìwé, kó tì í padà. Ẹ kọ nọ́ńbà sára túùbù kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa dà pọ̀ mọ́ra. Tí ẹyin bá ti wà lọ́dọ̀ mẹ́ta nínú àwọn dúdú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tọ́jú méjì, kí ẹ lè ní ìrọ́pò bí ọ̀kan bá kú, kí ẹ sì gbé èyí tó kù padà sẹ́bàá títì tó ti mú un, sábẹ́ òkúta tó tutù, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹyẹ bá ti lọ.